Ta Ló Ní Gẹ̀ẹ́sì Nìkan Ni Ẹ̀rọ Ń Gbọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àsọtúnsọ lẹ́nu àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Kánádà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Ontario: pé bí ọmọ tó wà nínú ètò French immersion bá ti dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n máa fi Faransé kọ́ ọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n dá a padà sínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni ń jà. Bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ ń béèrè. Kí ló wá dé tí a ó máa yọ ọmọ lẹ́nu? Èmi kò gbà. Àṣìṣe ńlá ni, ó ń ba ètò immersion jẹ́ láti inú wá, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ burúkú kan tí kò sí nínú ìwé kankan.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí ètò náà ṣe rí: ọmọ tí kì í sọ Faransé nílé ni wọ́n ń fi Faransé kọ́ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí èdè náà lè wọ̀ ọ́ lára bó ṣe ń lò ó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965 ni kíláàsì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Lambert, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Montréal. Àwọn òbí tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ló jà fún un, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Faransé nílé-ìwé kó má sì lè bá aládùúgbò rẹ̀ sọ gbólóhùn mẹ́ta. Wallace Lambert ti yunifásítì McGill fi ìwádìí tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà, òun àti Richard Tucker sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1972. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká gbogbo Kánádà, débi pé àwọn ìdílé Yorùbá tó ṣí lọ sí Ottawa, Brampton àti Calgary náà wà lára àwọn tó ń fi ọmọ síbẹ̀. Ohun tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ni pé èdè kì í wọni lára àfi ká fi ṣe nǹkan.

Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀ ní Ontario. Ọmọ immersion gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ní Faransé fún wákàtí 3,800, ó kéré tán, kó tó parí kíláàsì kẹjọ. Bó bá wọ girama, kírẹ́díìtì 30 ló nílò láti gba ìwé-ẹ̀rí, wákàtí 110 sì ni kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan. Kó tó lè gba ìwé-ẹ̀rí immersion mọ́ ọn, 10 nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Faransé: mẹ́rin fún èdè náà fúnra rẹ̀, mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n fi Faransé kọ́. Mẹ́fà péré, láàárín ọdún mẹ́rin. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá yàn sínú mẹ́fà yìí ló ń sọ fún ọmọ ohun tí Faransé wúlò fún. Nǹkan mìíràn sì ti wọ̀ ọ́ báyìí. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, gbogbo ọmọ tó bá wọ kíláàsì kẹsàn-án ní Ontario gbọ́dọ̀ gba kírẹ́díìtì kan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, yálà ní kíláàsì kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Kò tún sí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò kan àwọn ọmọ immersion òun. Ó ti di dandan. Èdè tí wọn yóò fi kọ́ ọ ló kù tí wọ́n ń yàn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì sábà máa ń yàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Nígbà tí wọ́n bá ń to táìmù-tébù, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìtàn àti jọ́gíráfì Kánádà sí ẹ̀gbẹ́ Faransé, torí ibẹ̀ ni olùkọ́ wà. Ohun gbogbo tó bá ní igi, irin, iná tàbí kọ̀ǹpútà nínú, wọ́n á tì í sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ á wá dé kíláàsì kọkànlá, á rí i pé kọ́ọ̀sì tí ọkàn òun ń fà sí bọ́ sí wákàtí kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì Faransé tó kù fún òun. Á ní láti mú ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé iye ọmọ inú immersion máa ń dín kù bí kíláàsì bá ṣe ń ga sí i. Wọ́n á ní ó ti sú ọmọ ni, tàbí pé Faransé ti le jù fún un. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú èdè àti iṣẹ́ tó wù ú kò sá fún Faransé o. Àwọn tó to táìmù-tébù ló lé e jáde.

Ẹ̀kọ́ burúkú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí: ọmọ ń rí i lójoojúmọ́ pé Faransé ni a fi ń ròyìn ohun tó ti kọjá, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ohun tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára pátákó, ṣùgbọ́n ọmọ ti kà á. Irọ́ sì ni. Ní ọdún 1965 yẹn kan náà tí àwọn ọmọ kékeré ń bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Lambert, ní oṣù Kọkànlá, Hydro-Québec, ilé-iṣẹ́ iná ìpínlẹ̀ Québec, tan wáyà iná 735 kilovolt àkọ́kọ́ lágbàáyé, tó ń gbé iná láti odò Manicouagan àti Outardes lókè ní àríwá wá sí àwọn ìlú ńlá ìsàlẹ̀. Ọ̀nà náà jìn débi pé, ká ní fólítéèjì tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò, wọn ì bá na wáyà lọ́nà púpọ̀ kí iná tó tó. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Jean-Jacques Archambault, ló dá àbá pé kí wọ́n gbé fólítéèjì ga dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé rí. Faransé ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ náà. Kó tó di ìgbà yẹn, Joseph-Armand Bombardier ti wà ní Valcourt ní Québec, mẹkáníìkì abúlé tó ṣí gáréèjì tirẹ̀ kó tó pé ọmọ ogún ọdún, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò títí ó fi ṣe ọkọ̀ tó ń sáré lórí yìnyín, tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní 1942. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òde òní la fẹ́ sọ, ẹ̀bùn Turing ti 2018, tí kò sí ẹ̀bùn tó ga jù ú lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn mẹ́ta ni wọ́n fún nítorí iṣẹ́ wọn lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá: Geoffrey Hinton, Yann LeCun àti Yoshua Bengio. LeCun kàwé nílẹ̀ Faransé títí ó fi di ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1987. Bengio, yunifásítì Montréal ló ti ń kọ́ni, Faransé sì ni èdè ibẹ̀. Ọmọ Ottawa á fi nǹkan bíi wákàtí méjì wakọ̀ dé ibẹ̀, síbẹ̀ a ń jẹ́ kó dàgbà pẹ̀lú èrò pé ẹ̀rọ kò gbọ́ Faransé.

Wọn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí fi ń kọ ìwé ìwádìí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ń kọ ọ́ dáadáa. Jim Cummins ti yunifásítì Toronto ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ìmọ̀ tí ọmọ bá kọ́ dáadáa ní èdè kan ń bá a lọ sí èdè kejì. Ọmọ tí bátìrì, wáyà àti gílóòbù bá ti yé ní Faransé kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà tó bá dé yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó kù, á gbọ́ ọ lórí YouTube, á gbọ́ ọ ní gáréèjì bàbá rẹ̀, á gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú pópó Ontario. Kò síbi tí Gẹ̀ẹ́sì ò sí níbẹ̀. Faransé ló ṣọ̀wọ́n.

Ní 1985, Merrill Swain, olùwádìí ní Toronto, sọ ohun tó yẹ kó ti parí àríyànjiyàn yìí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fara balẹ̀ wo àwọn ọmọ immersion. Wọ́n rí i pé bó bá jẹ́ ká gbọ́ Faransé tàbí ká kà á, àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn tó ni èdè dọ́gba. Ṣùgbọ́n bó bá di pé kí wọ́n sọ ọ́ tàbí kí wọ́n kọ ọ́, àlébù á yọjú. Swain ní gbígbọ́ nìkan kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa sọ èdè jáde, kí ohun tó ń ṣe sì máa tì í débi tí yóò ti wá ọ̀rọ̀ tó ṣe rẹ́gí. Ibo gan-an ní girama ni nǹkan ti ń ti ọmọ báyìí? Nínú kíláàsì ìtàn, olùkọ́ lè sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lọ sílé láìla ẹnu. Olùkọ́ rere kì í gbà bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ gbà á láyè.

Ẹ wá wo ọmọ méjì níwájú ẹ̀rọ tó ń lu ihò. Wọ́n fẹ́ lu ihò sára pákó kan. Wọ́n ní láti wọn ibi tí ihò yóò wà, kí wọ́n fi irin ṣóńṣó tẹ ojú rẹ̀ kí bíìtì, irin tó ń lu ihò náà, má baà yẹ̀, kí wọ́n ki pákó àlòkù bọ abẹ́ rẹ̀ kí ìsàlẹ̀ má baà ya, kí wọ́n dè é mọ́ tábìlì ẹ̀rọ pinpin, kí wọ́n sì yọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi fún bíìtì kúrò kí ẹnikẹ́ni tó tan iná. Ọ̀kan ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Èkejì rí i pé kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kó sọ ọ́ kíá, kó sì yé ẹnìkejì. Bó bá kàn ní “yọ nǹkan yẹn”, ẹnìkejì á ní nǹkan wo. Kò sí ìdánwò tó lè fún ọmọ ní ìdí tó tó báyìí láti sọ̀rọ̀ kó sì sọ ọ́ ní pàtó. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọ́n á kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn: ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìdí tí ihò kejì fi yẹ̀, bí ì bá ti rí ká ní wọ́n dè é le sí i. Ìlànà, ìdí, àfiwé, ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀: gbogbo ibi tí Faransé ọmọ immersion ti máa ń mẹ́hẹ ló pé jọ sórí pákó kan ṣoṣo yìí. Iṣẹ́ tó dára tó báyìí fún èdè, a wá gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì tí kò nílò rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ti igi yé òun, kọ̀ǹpútà ńkọ́? Python, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ girama, ní ọ̀rọ̀ àdámọ́ 35 péré, tí wọ́n jọ Gẹ̀ẹ́sì. Guido van Rossum tó ṣe é, ará Netherlands ni. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni èdè ìyá rẹ̀. Ọmọ á mọ ọ̀rọ̀ 35 yẹn láìpẹ́. Ohun tó kù, tó jẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, èdè ènìyàn ni: bí wọ́n ṣe fọ́ ìṣòro sí wẹ́wẹ́, orúkọ tí wọ́n fún nǹkan, àlàyé tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù, àríyànjiyàn ọmọ méjì lórí ìdí tí gílóòbù kékeré tí wọ́n fẹ́ kó tàn lẹ́ẹ̀mẹwàá fi tàn lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Faransé jiyàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu ló le jù lẹ́nu wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún òbí tó bá ń bẹ̀rù nítorí ìka ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ayùn oníná kò dúró de ẹni tó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ilé-ìwé elédè Faransé 12 ló wà ní Ontario, ayùn kan náà sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń lò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Ọmọ immersion tó ti fi wákàtí 3,800 gbọ́ Faransé gbọ́ ìkìlọ̀ olùkọ́ yékéyéké. Gbígbọ́ ni agbára rẹ̀ wà, ìwádìí ti fi hàn. Nínú yàrá iṣẹ́ tó ní ètò, kò sí ọmọ tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ kó tó yege ìdánwò ààbò, kó sì fi hàn níwájú olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọmọ tó bá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Faransé kò lè mi orí kó sì gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí kò yé e á hàn kíákíá. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin Kánádà ti pàṣẹ pé kí àkọlé ara àwọn kẹ́míkà eléwu ibi iṣẹ́ wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Lórí agolo ọ̀dà àti ìgò ásíìdì, Faransé ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ti olùkọ́ ni mo ti gbà pé wọ́n ní àwíjàre. Ẹni tó máa kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ontario gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan lóde. Bó bá wá jẹ́ immersion, wọ́n tún fẹ́ ìwé-ẹ̀rí kíkọ́ni ní Faransé. Ẹni tó ní méjèèjì kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ètò ni wọ́n sọ di òpin ọ̀rọ̀. Ní Hearst, ní Sudbury, ní Ottawa fúnra rẹ̀, àwọn káfíńtà àti mẹkáníìkì elédè Faransé wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn. La Cité ní Ottawa ti ń fi Faransé kọ́ irú wọn láti 1990, Collège Boréal ní Sudbury láti 1995. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Kútọnu, Dakar àti Yaoundé ń wọ Kánádà. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ náà sì ti wà ní Faransé, torí àwọn ilé-ìwé elédè Faransé ń lò ó. Mélòó nínú àwọn bọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ló ti lọ pe irú àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí, tí wọ́n ní ẹ wá gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, iṣẹ́ ń dúró dè yín ní ọdún méjì sí i? Ẹni tí kò wá nǹkan kò lè ní òun ò rí i.

Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé èrò yìí kò dúró. Ọmọ Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀ ní Benin, tó ń sọ Yorùbá nílé, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìṣirò àti físíìsì ní girama. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró de Gẹ̀ẹ́sì. Níhà ọ̀dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ìgbàgbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè gbé sáyẹ́ǹsì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dojú kọ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀: èdè abínibí nìyẹn, èdè àkọ́kúntẹni ni Faransé jẹ́ fún ọmọ Ottawa. Ṣùgbọ́n èrò tó dúró níwájú Fafunwa nígbà yẹn ló dúró níwájú wa báyìí, pé èdè kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí wọ́n ti ń fi kan immersion tipẹ́: pé ètò àwọn tí ọwọ́ wọ́n tẹ́nu ni, pé ọmọ tí ìwé bá nira fún kì í pẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Bí gbogbo ohun tí a fi Faransé kọ́ ní girama bá jẹ́ kíkà àti kíkọ, àwa náà ń sọ fún ọmọ tí ọgbọ́n rẹ̀ wà lọ́wọ́ pé ibí yìí kì í ṣe ti ẹ. Ọmọ tí kò lè kọ àròkọ ojú ìwé márùn-ún lórí ogun ọdún 1812 lè tú ẹ́ńjìnnì, kó sì fi Faransé sọ fún ọ ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. Ìdánwò Red Seal tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lè wúlò ní gbogbo ìpínlẹ̀, ó wà ní Faransé bó ṣe wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń wáyà ilé ní Ottawa lè kọjá odò sí Gatineau ní Québec lọ́la, kí Faransé jẹ́ èdè oníbàárà rẹ̀. Ta ló nílò Faransé tó lágbára ju irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ?

Bí wọ́n bá bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n tò ó, mi ò ní ní kí gbogbo kọ́ọ̀sì ẹ̀rọ di Faransé lọ́dún kan. Kí kírẹ́díìtì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó di dandan yẹn kọ́kọ́ wà ní Faransé ní kíláàsì kẹsàn-án, kó sì wà lára kírẹ́díìtì mẹ́fà tí wọ́n fi Faransé kọ́. Kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e ní ìkẹwàá, torí kò fẹ́ ẹ̀rọ tó wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ilé-ẹ̀kọ́ mú ẹ̀ka kan ṣoṣo tó lè rí olùkọ́ fún, kó bá a dé kíláàsì kejìlá. Bí ọmọ kò bá pọ̀, kí kíláàsì kọkànlá àti ìkejìlá jókòó pọ̀, tàbí kí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó wà nítòsí pín olùkọ́ kan. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi kọ́ọ̀sì wọ̀nyí sórí táìmù-tébù kí wọ́n tó fi àwọn tó rọrùn sí i.

Nígbà òtútù ni wọ́n máa ń pín fọ́ọ̀mù tí ọmọ kíláàsì kẹjọ fi ń yan kọ́ọ̀sì ọdún tó ń bọ̀. Kí òbí tó bá gbà á má kàn buwọ́ lù ú. Kó lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kó fi sùúrù bi í ní ọdún tí kírẹ́díìtì ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, àti ẹni tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ láti kọ́ ọ. Bó bá ní kò sí olùkọ́, kó béèrè ìgbà tí wọ́n polówó iṣẹ́ náà gbẹ̀yìn.